Férémù (egungun) kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù mi ti sán: ṣé kí wẹ́dà jó o ni, àbí kí n padà sídìí irin?

Tíṣà_Ìpẹru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ da owó sómi.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni owó ọ̀kadà láti Ìpẹru dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Ìlíṣàn ti kọjá agbára owó oṣù tíṣà. Mo wá lọ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan ní Ṣàgámù. Alumíníọ̀mù ni férémù rẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó tà á fún mi ló bá mi fa ìjókòó rẹ̀ sókè torí pé mo ga, ọ̀pá ìjókòó tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kíì, kíì, kíì nídìí. Mo rò pé sípíríǹgì ìjókòó ni. Ìgbà tí mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún ni mo rí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́yìn páìpù ìjókòó, lábẹ́ ibi tí páìpù òkè ti wá bá a. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, àmọ́ èékánná ń há sí i. Ó ti yí páìpù ká dé ìdajì.

Wẹ́dà kan nítòsí gáréèjì ní kí n gbé e wá, pé iná mànàmáná lòun máa fi jó o, kò ní pẹ́ rárá. Èkejì ní kí n lọ jù ú nù. Ẹni tó tà á fún mi ti ń fi òmíràn lọ̀ mí: ògbólógbòó onírin, ti ayé àwọn bàbá wa, tó ti ń dógùn-ún nísàlẹ̀. Àbúrò mi kan l'Ékòó tún ní òun mọ ẹni tó fẹ́ ta férémù kábọ́ọ̀nù ní owó pọ́ọ́kú. Èwo nínú wọn ló ń pẹ́ jù? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé, èwo ni wọ́n lè bá mi túnṣe ní Rẹ́mọ níbí tó bá bàjẹ́?

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà

Tíṣà, ẹ kú ewu o. Tí kì í bá ṣe pé ẹ tètè rí i, ìlà yẹn ì bá ti jókòó dè yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Èmi ò kàwé nípa férémù, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gbé ẹmu wálé, Raleigh onírin ni, bàbá mi ló rà á kí wọ́n tó bí mi. Kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì lọ́tùn-ún lósì, igbà lọ́rùn, ọ̀nà oko tí gírédà kò dé rí. Wọ́n ti jó ìdí rẹ̀, wọ́n ti jó ọrùn rẹ̀, ọ̀dà gééètì ló wà lára rẹ̀ báyìí. Ó ń lọ. Kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ rù ú.

Wẹ́dà_Sábó

Tíṣà, ẹni tó lóun máa fi iná mànàmáná jó alumíníọ̀mù yẹn, má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí a ti ń rẹ kábáìdì sínú táǹkì ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Alumíníọ̀mù ní awọ kan lára tí ojú kò rí, afẹ́fẹ́ ló ń dá a sí i lára. Awọ yẹn kì í yọ́ àfi tí iná bá tó nǹkan bíi 2,050°C. Alumíníọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ́ ní 660°C. Kí awọ tó gbà, inú ti dà sílẹ̀. Ohun tó ń kojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ TIG, èyí tó ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nù bo ojú iná. Àwọn tó ń ṣe sténlẹ́ẹ̀sì sí ojú àtẹ̀gùn ilé olówó ló sábà máa ń ní i, ní Ṣàgámù àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n bi wọ́n dáadáa: iná DC, èyí tó ń ṣàn síbì kan ṣoṣo, ni wọ́n fi ń jó sténlẹ́ẹ̀sì, alumíníọ̀mù ń fẹ́ AC, torí ìyísíwá-yísẹ́yìn iná yẹn ló ń ṣí awọ náà kúrò. Ẹ̀rọ tí kò bá ní AC kò lè ṣe é, kò sí bí ọ̀gá náà ṣe lè mọ iṣẹ́ tó.

Ká ní o tiẹ̀ rí i, wàhálà kejì ṣì wà níwájú. Férémù tí wọ́n bá kọ 6061 T6 (nọ́ńbà irú alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é) sí lára, kì í ṣe bí wọ́n ṣe yọ́ ọ ló fi le. Wọ́n fi iná kọ́ ọ nílé iṣẹ́ ni. Wọ́n á mú un gbóná dé bíi 530°C, wọ́n á rì í sómi lójijì, wọ́n á tún gbé e sínú ààrò ní bíi 170°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibi tí iná wẹ́dà bá dé ti gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wàá rí i pé ojú ibi tí wọ́n jó wà digbí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 7005 sí sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun máa ń gba agbára díẹ̀ padà fúnra rẹ̀ bí ó bá jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìjó.

Yọ ọ̀pá ìjókòó yẹn, kí o wo ibi tó wọlé dé. Mo fura sí nǹkan kan.

Tíṣà_Ìpẹru

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti yọ ọ́. Wọ́n fa ìlà kan sára ọ̀pá náà, wọ́n kọ MINIMUM sí i. Bí wọ́n ṣe de ìjókòó fún mi, ìlà yẹn yọ síta lókè férémù, ó tó ìbú ìka méjì. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá sì parí sí ibi tó sán gẹ́lẹ́. 6061 ni lébẹ́ẹ̀lì tó ń ṣí lára rẹ̀ sọ.

Wẹ́dà_Sábó

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ọ̀pá tí kò bá kọjá ibi tí páìpù òkè ti bá páìpù ìjókòó pàdé, gbogbo ìgbà tí o bá jókòó lé e ló ń hú ẹnu páìpù náà lẹ́yìn. Irin ì bá sán níbẹ̀ náà, ì bá kàn pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó yẹ kí ọ̀pá wọlé kọjá ìdí páìpù òkè, kó tún fi ìka méjì mẹ́ta lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó tà á fún ọ, kò bìkítà ni.

Ọmọ_Àgọ́Ìwòyè

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún ti ọwọ́ iná, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ dá alumíníọ̀mù lẹ́bi tán.

Ìwọ̀n kan náà, irin wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta: 7.85 gíráàmù sí 2.7 nínú sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́ta kan. Títéníọ̀mù, irú mẹ́táàlì mìíràn, wà láàárín, 4.5. Àmọ́ irin tún le láti tẹ̀ ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta bákan náà. Ìdí nìyẹn tí páìpù kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù fi máa ń sanra: wọ́n sọ ọ́ di títóbi kí ó má baà máa tẹ̀, torí bí ó bá ń tẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́.

Ibi àárẹ̀ yìí ni irin ti ní oríire. Ó ní ààlà kan. Bí ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá kọjá ààlà yẹn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, kò ní sán. Títéníọ̀mù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù kò ní ààlà kankan. Gbogbo kòtò tí ẹ bá kó sí ló ń kà sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó ń ṣe férémù alumíníọ̀mù mọ èyí, ó sì máa ń fi nǹkan kún páìpù kí ìṣirò náà má baà pé títí kẹ̀kẹ́ á fi sú ẹni tó ni ín.

Ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló jù. Ní 1997, ìwé ìròyìn Tour ti ilẹ̀ Jámánì kó férémù eré ìje 12 sórí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n síwá sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dà. Mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà kò rí ṣẹ́: méjì jẹ́ alumíníọ̀mù, ọ̀kan jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Àwọn onírin ṣẹ́, àwọn títéníọ̀mù ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irin ló ń pẹ́ jù, ẹ bi í léèrè pé irin wo.

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà

Ṣé wọ́n gbé ẹmu sórí àwọn 12 yẹn ni?

Ọmọ_Àgọ́Ìwòyè

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Férémù eré ìje tí wọ́n ti fá páìpù rẹ̀ tín-ín-rín ni gbogbo wọn. Raleigh yín kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Wẹ́dà_Sábó

Ọmọ Àgọ́, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Jámánì kò sọ ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn tó ṣẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa, irin rírọ̀ tó nípọn ni. Wọ́n ki páìpù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá yọ́ idẹ sáàárín wọn. Tí páìpù kan bá bàjẹ́ tán, mo lè yọ́ idẹ yẹn padà, kí n fa páìpù jáde, kí n ki òmíràn bọ̀ ọ́. Kò sí férémù tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti túnṣe láyé.

Tó bá jẹ́ pé ó sán lásán ni, mo máa kọ́kọ́ lu ihò tó kéré sí orí ìlà náà méjèèjì kó má baà sá síwájú. Mo á họ ọ̀dà kúrò títí irin á fi mọ́ kedere. Mo á wá páìpù tó lè wọ inú èyí tó sán, mo á gé e ní gígùn àtẹ́lẹwọ́, mo á fi ṣe egungun sínú. Àwọn kan máa ń lo páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò. Ẹ má gbà fún wọn, èéfín síńkì ń fún wẹ́dà ní ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan páódà bórásì àti iná gáàsì. Idẹ ń yọ́ ní bíi 900°C, irin ní bíi 1,500°C. Bí irin bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, idẹ á sáré wọ gbogbo kọ̀rọ̀, irin fúnra rẹ̀ kò ní yọ́ rárá. Bó bá ti wọ̀ tán, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá da omi sí i kó lè tètè kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti sọ irin náà di gbígbẹ, ó máa ṣẹ́ ni.

Ẹ̀lẹ́kítíróòdù géèjì 12 tí wọ́n fi ń jó gééètì, ó lè ṣe Raleigh Ẹlẹ́mu bí ọwọ́ bá dá. Tí wọ́n bá gbé e lé kẹ̀kẹ́ onírin tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ 4130 tàbí CRMO (irú irin líle tí wọ́n fi ń ṣe páìpù tín-ín-rín) sí lára, ihò ló máa lu. Irú páìpù yẹn nípọn lẹ́nu, àárín rẹ̀ lè má ju mìlímítà 0.6 lọ.

Kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi òwú wọ̀n ọ́n. Ẹ so òwú mọ́ ẹnu férémù lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń de taya, lápá ọ̀tún, ẹ fà á yí orí férémù ká níwájú, kí ẹ mú un padà wá so mọ́ apá òsì. Ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti páìpù ìjókòó lápá méjèèjì. Kó jẹ́ bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà mẹ́ta mẹ́rin ju èkejì lọ, férémù ti wọ́, kẹ̀kẹ́ náà á máa fà yín lọ sínú gọ́tà. Irin tó wọ́, mo lè tẹ̀ ẹ́ padà. Alumíníọ̀mù tó wọ́, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ ti fọwọ́ ara yín bẹ̀rẹ̀ ìsán mìíràn nìyẹn.

Ìjẹ̀bú_ní_Rotterdam

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Òkè-Àjẹ ni mí, ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti kábọ́ọ̀nù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kábọ́ọ̀nù tó bá ti fọ́ ti lọ nìyẹn. Irọ́ ni. Aṣọ ni, aṣọ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ìpókísì (gúlúù líle kan) lẹ̀ mọ́ra, ìpele lórí ìpele. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe níbí á fi sáńpépà fá ibi tó fọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á bo imú torí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á wé aṣọ tuntun sí i pẹ̀lú ìpókísì, wọ́n á fún un pinpin, wọ́n á fi ooru mú un gan. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó máa ń lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú kí a tún un ṣe láìba agbára rẹ̀ jẹ́, ó ju alumíníọ̀mù lọ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí fún Tíṣà ni pé inú ni kábọ́ọ̀nù ti ń bàjẹ́. Ó lè ṣubú lu òkúta, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ìpele inú ti ya kúrò lára ara wọn. A máa ń fi owó ẹyọ kàn án káàkiri: ibi tó bá dára á dún kó, ibi tó ti ya á dún bòò. Ìyẹn kò tó fún ẹni tó ń fi owó rẹ̀ rà á, níbí gan-an a máa ń gbé èyí tó bá kọni lóminú lọ sí ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wo inú rẹ̀. Résìn tí wọ́n sì fi ń tún bọ́m̀pà mọ́tò ṣe nílé, pólíẹ́sítà ni, kì í ṣe ìpókísì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í tan yín.

Títéníọ̀mù ńkọ́? Kì í dógùn-ún, kì í tètè rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ọ̀kadà lọ. Tó bá sán, ágọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tí wọ́n ń jó, kó tún wà nínú páìpù. Afẹ́fẹ́ tó bá kàn án nígbà tó gbóná ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Ojú ìjó tó bá funfun bíi fàdákà dára, tó bá ti di búlúù tàbí eérú, ẹ má gùn ún.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́: ọ̀pá ìjókòó alumíníọ̀mù nínú férémù irin, tàbí nínú kábọ́ọ̀nù, tí kò bá sí gìrísì láàárín wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn pátápátá. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ayùn rẹ́ jáde.

Ará_Etí_Omi

Ẹ̀yin Rẹ́mọ ń yin irin torí ilẹ̀ yín gbẹ. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa lápá Abigi, kí ẹ wá wo ohun tí ọ̀rinrin ń fi irin ṣe.

Kì í ṣe ara ló ti ń jẹ ẹ́. Inú ni. Omi òjò ń gba ẹnu páìpù ìjókòó wọlé, kò rí ibi gbà jáde, gbogbo rẹ̀ á lọ jókòó sínú ilé kíránkì, níbi tí ọ̀pá pẹ́dà ti ń yí. Lókè, ọ̀dà ń dán, nísàlẹ̀, irin ti di bébà. Ìgbà tí èèyàn bá gun òkè, tó dìde dúró lórí pẹ́dà, ni ilé kíránkì á já bọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbọ́n á yí kẹ̀kẹ́ dorí kodò lẹ́yìn òjò kí omi lè ro jáde, á sì máa da ọ́ìlì ẹ̀ńjìnì díẹ̀ gba ẹnu páìpù wọlé, á yí férémù káàkiri kó kan gbogbo inú. Ó ń dọ̀tí aṣọ o, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà, èyí tí wọ́n ní ó ń dógùn-ún nísàlẹ̀ yẹn, ẹ mú sùkùrù-díráífà lọ. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ tẹ abẹ́ ilé kíránkì àti àwọn páìpù kékeré tó lọ sẹ́yìn. Bó bá wọlé, ẹ dágbére fún un.

Ìyá_Gaàrí_Òde

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń jà lórí férémù. Àwọn ọmọ tó ń bá mi gbé gaàrí dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà láti Ìta-Òṣù ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, n kò tíì sanwó férémù kankan. Sípókù ni mò ń ra. Bíríǹgì. Taya. Àti kárià! Ẹsẹ̀ kárià á ṣẹ́, ẹrù á wá jókòó lé orí taya. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù nínú wọn, ibi kékeré tí bóótù kárià ń wọ̀ lára rẹ̀ ti já, kò sì sẹ́ni tó gbà láti jó o. Ti onírin, wẹ́dà ìdúgbò ṣe é, ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí n tó ṣe ìṣirò owó ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tèmi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ọparun

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọparun? Ó kún ẹsẹ̀ odò wa. Ní Gánà wọ́n ń fi ṣe férémù kẹ̀kẹ́ títí di òní, wọ́n sì ń tà á fún àwọn òyìnbó. Òyìnbó gan-an ti ṣe é rí, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ ọparun jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1894.

Ìjẹ̀bú_ní_Rotterdam

Òótọ́ ni, mo ti gun ọ̀kan, ara rẹ̀ tutù lójú títì tó rí gbágungbàgun. Àmọ́ oríkèé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ibi tí ọparun méjì bá ti pàdé, okùn tàbí aṣọ tí wọ́n rì sínú ìpókísì ni wọ́n fi ń wé e. Ilé kíránkì àti ẹnu ibi tí taya ń wọ̀ ṣì máa jẹ́ irin tàbí alumíníọ̀mù. Ọparun náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kó sì gba oògùn kòkòrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò là tàbí kòkòrò á lù ú di ìyẹ̀fun.

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà

Èmi tí mo ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀, kí n tún máa gun ọparun nírọ̀lẹ́. Ẹ ṣeun.

Tíṣà_Ìpẹru

Mo ti lọ wò ó. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti kú lọ́wọ́. Ó lẹ̀ mọ́ férémù láti orí dé ìdí, irin ni lóòótọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi so gbogbo oríkèé rẹ̀. Orúkọ ti para níwájú, n kò mọ̀ bóyá ti Nottingham, níbi tí wọ́n ti ṣe Raleigh, ni àbí ti Ṣáínà tàbí Íńdíà.

Mo yí i dorí kodò, omi dúdú ro jáde látinú páìpù ìjókòó, oníkẹ̀kẹ́ ní "ọ́ìlì ni." Mo fi sùkùrù-díráífà tẹ ilé kíránkì, ó le gbagidi. Páìpù kékeré apá ibi tí ṣéènì wà ló ń yọnu díẹ̀: ojú ibì kan tó tó èékánná àtàǹpàkò rọ̀, ìpẹ́pẹ́ irin sì ń bọ́ níbẹ̀. Òwú tí bàbá sọ, mo fà á níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ti di babaláwo. Ọ̀tún àti òsì bára mu, àyàfi mìlímítà kan.

Ṣé ibi tó rọ̀ yẹn gba àtúnṣe? Ṣé mo sì lè kó taya, kíránkì àti bíréèkì alumíníọ̀mù mi sí i lára, kó lè dín owó kù?

Wẹ́dà_Sábó

Rà á, kí o yọ owó páìpù yẹn kúrò nínú iye tó bá pè é. Ibi tó rọ̀ yẹn, mo máa gé e títí dé ibi tí irin ti dára, mo á fi egungun sínú, mo á fi idẹ dí i. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Tó bá jẹ́ ilé kíránkì ló jẹra ni ǹ bá ní kí o sá.

Ti pààtì, má kó gbogbo rẹ̀ lérò. Taya irú kẹ̀kẹ́ yẹn, rímù mìlímítà 635 ni, ti tòkunbọ̀ rẹ lè jẹ́ 559 tàbí 622, bíréèkì tó ń lo ọ̀pá irin kò ní bá a pàdé láé. Ọ̀pá ìjókòó kò jọ ara wọn ní sísanra; má fi òòlù gbá a wọlé, má sì fi agolo wé e. Kíránkì ni kó o ṣọ́ra sí jù. Tó bá jẹ́ Raleigh gidi, òwú (ìlà yíyí bíi ti bóótù) inú ilé kíránkì rẹ̀ jẹ́ 26 nínú ínǹṣì kan, èyí tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ 24. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á fi ipá yí i wọlé, á wọ ìlàjì, á sì jẹ gbogbo òwú inú rẹ̀ tán. Fi rúlà kà á kó o tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó máa bá ọ lọ ni pẹ́dà àti ìjókòó.

Ọmọ_Àgọ́Ìwòyè

Férémù alumíníọ̀mù náà, Tíṣà, ẹ má tà á fún ẹlòmíì tó máa gùn ún. Ẹ fi ayùn gé e sí méjì, kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń yọ́ ìkòkò. Kílò ni wọ́n fi ń rà á.

Tíṣà_Ìpẹru

Ó yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: fọ́ọ̀kì iwájú onírin yẹn ní àmì ìjó àtijọ́ kan lẹ́sẹ̀ òsì, wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó. Ṣé ẹ lè tún un jó fún mi tí mo bá ń bọ̀?

Wẹ́dà_Sábó

Fọ́ọ̀kì, mi ò kì í jó o, irin ni o, alumíníọ̀mù ni o. Férémù tó bá sán á kọ́kọ́ ké fún ọ. Fọ́ọ̀kì tó bá ṣẹ́, eyín lo máa fi sọlẹ̀. Fọ́ọ̀kì àlòkù tí kò ní ìjó lára kò wọ́n, ra òmíràn kó o tó gbé e wá.